Ọwọ́ Ta Ni Èyí? Àkọsílẹ̀ àwòrán kan tí a gé lẹ́ẹ̀mẹta

Ọmọ iṣẹ́ mi ló ya àwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, níbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá kan ní Òkè Ògùn. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò sì ní dárúkọ ìdílé náà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí wà nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni iyàn tí kì í tán láàrin àwa onífọ́tò: ṣé gígé àwòrán lẹ́yìn tí a ti yà á tán, ohun tí a ń pè ní kírọ́ọ̀pù, wà lára títo àwòrán, àbí ọgbọ́n ẹni tí kò rí nǹkan dáadáa nígbà tó ń yà á ni? Mo ti ja iyàn yìí lápá ọ̀tún, mo ti jà á lápá òsì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ló là á yé mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, gílóòbù tí wọ́n so mọ́ irin kánópì ti tàn. Ìyá jókòó sórí àga tìmùtìmù tí wọ́n gbé jáde láti inú pálọ̀. Léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà ló wọ̀, gèlè rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé àtàárọ̀ ló ti wà lórí rẹ̀. Ọmọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, wà lórí itan rẹ̀, ó ti gbá etí gèlè náà mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ẹ̀rín tó la ẹnu sílẹ̀ ni, tí ìwọ̀nba eyín tó kù fún un sì hàn síta.

Ẹni tó bá ti ya àgbà ní fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà wa kì í ṣeré níwájú kámẹ́rà. Bí o bá ní kí wọ́n jókòó, wọn á na ẹ̀yìn, wọn á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọn á kọjú sí ọ gan-an, àtorí àtẹsẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kó hàn. Bí àwòrán bá dúró sí àyà, wọn á bi ọ́ pé kí ló dé tí o gé àwọn lẹ́sẹ̀. Láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti ń ya fọ́tò bẹ́ẹ̀: odidi ènìyàn, nínú iyì rẹ̀. Torí náà, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi rí ẹ̀rín yìí, kò dúró ro ohunkóhun, ó tẹ kámẹ́rà. Mo yìn ín fún un lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń yìn ín.

Ibi tó dúró sí ló jìnnà. Àwọn tó ń jó wà láàrin òun àti ìyá, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì wà ní 24 mílímítà, tó ń kó tọ̀tún tòsì wọlé. ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, ti di 3200 nítorí òkùnkùn. Àwòrán náà fẹ̀ ní 6,000 píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tíntín tó ń para pọ̀ di àwòrán, ó ga ní 4,000. Ìyá àti ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n yà díẹ̀ sí ọ̀tún àárín. Ṣùgbọ́n kúlà búlúù méjì tún wà níbẹ̀, àti sípíkà DJ, àti ọkùnrin kan tó na fóònù sókè, àti àwo jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹnì kan jẹ kù sórí àga ike. Lápá ọ̀tún pátápátá, obìnrin kan lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá, ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn. Kò wọ aṣọ ẹbí. Àdìrẹ tó ti ṣá ló ró, ó sì gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó ń ti ibi ìdáná bọ̀.

Àkọ́bí ìyá, obìnrin kan tó ń gbé ní Èkó, tó jẹ́ pé òun ló náwó jù lórí ayẹyẹ náà, rí àwòrán yìí láàrin ọgọ́rùn-ún mélòó kan tí a fi ránṣẹ́, ó sì pè mí.

"Bùrọ̀dá, èyí tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, òun ni mo fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀. 20 by 24. Ẹ bá mi yọ gbogbo wúruwùru tó wà níbẹ̀ kúrò, kó ku Màmá àti ọmọ."

Mo ní kò sí wàhálà, Mọ́mì. Mi ò bi í pé kí ló wà lára wúruwùru náà àti kí ni kò sí lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo gé e nígbà àkọ́kọ́. Mo fà á sún mọ́ títí ó fi ku ìyá láti ìbàdí sókè, orí ọmọ, àti ọwọ́ ọmọ lára gèlè. Kúlà lọ, sípíkà lọ, àwo jọ̀lọ́ọ̀fù lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, ó dára débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, oníbàárà mi fi ohùn ránṣẹ́ padà, ó ń sunkún ayọ̀, ó sì san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó ń bá mi tẹ àwòrán ní láàbù ló kọ́kọ́ dá mi dúró. "Ọ̀gá, fáìlì yìí ò lè gbé 20 by 24 o." Ohun tó kù lẹ́yìn tí mo gé e jẹ́ 1,500 píkísẹ́lì ní ìbú, 1,800 ní gíga. Pín 1,500 sí ogún ínǹṣì, 75 ló máa kan ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Fún àwòrán tí ènìyàn máa gbé sọ́wọ́ wò, 300 la máa ń wá. Fún férémù ńlá tó máa wà lára ògiri, 150 ṣeé gbà. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún píkísẹ́lì tí kámẹ́rà kó wọlé, mo ti da bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nù. Mo ní kó tẹ díẹ̀ wò fún mi, ó sì tẹ ojú ìyá nìkan. Nígbà tí mo gbé e sọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá dà bí ibi tí wọ́n fọ́n gààrí sí. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní igun ojú rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló fà wọ́n, ti yọ́ mọ́ra wọn. Àwọn ìlà yẹn gan-an la torí wọn fẹ́ràn àwòrán náà.

Inú bí mi dé ṣọ́ọ̀bù. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní ìwọ lo fà á. Bí o bá ti rìn sún mọ́ wọn ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré, a ò ní máa gé ohunkóhun. Mo sọ fún un pé inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń to àwòrán, pé ẹni tó bá gbójú lé gígé, ọ̀lẹ ni. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé àwọn ọ̀gá tó kọ́ yín, wọn kì í gé ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Yashica-Mat ni ọ̀gá tó kọ́ mi ní Ìbàdàn ń lò, kámẹ́rà onífíìmù tó ń ya àwòrán tí ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ 8 by 10 ni férémù tí àwọn oníbàárà ń rà. Kò sí bí a ṣe lè gbé ohun tó dọ́gba kún bébà tí kò dọ́gba láìfi nǹkan sílẹ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún nẹ́gátíìfù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fíìmù tí a ti ń tẹ fọ́tò jáde, ni ọ̀gá mi ń fi sílẹ̀, lójoojúmọ́, fún gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ. Ó ní páálí dúdú méjì tó gé bí igun férémù. Bó bá ti tẹ àwọn àwòrán kéékèèké jáde, á tò wọ́n sórí tábìlì, á gbé páálí méjèèjì lé ọ̀kan, á tì wọ́n síwájú, á tì wọ́n sẹ́yìn, á dákẹ́, á tún tì wọ́n. Nígbà tó bá rí ohun tó ń wá, á fi bírò pupa fà á, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò. Mo jókòó tì í fún ọdún mẹ́rin, n kò sì rò ó rí pé títo àwòrán ló ń ṣe nídìí tábìlì yẹn.

Ẹni tí a máa ń fi ṣẹ̀rí tí a bá fẹ́ bú àwọn tó ń gé àwòrán ni Henri Cartier-Bresson, onífọ́tò ará Faransé. Òótọ́ ni pé ó kórìíra gígé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù, ti ọkùnrin tó ń fo omi lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris ní 1932, gígé ni wọ́n gé e. Àárín pákó ọgbà ló yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ sí, pákó sì dí apá òsì. Kí ni kó wá ṣe, kó jù ú nù? Ní Havana ní Cuba, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta 1960, onífọ́tò Alberto Korda ya Che Guevara, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìyípadà ìjọba níbẹ̀, níbi ìrántí àwọn tó kú nígbà tí ọkọ̀ ojú omi La Coubre bú gbàmù. Nínú nẹ́gátíìfù rẹ̀, ọkùnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ewé ọ̀pẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Korda gé méjèèjì kúrò. Ojú tó kù láàrin yẹn ni àwọn ènìyàn gbé sára ògiri àti sára aṣọ káàkiri ayé. Ẹni tó bá ní gígé kò sí lára títo àwòrán ní láti sọ fún wa ẹni tó wá to ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó kórìíra gígé kì í sọ. Bí o bá dúró sójú kan, tí o fi lẹ́ǹsì 24 ya nǹkan, tí o wá gé àárín rẹ̀, bí ohun tó wà níwájú ṣe tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí o bá fi lẹ́ǹsì tó gùn yà láti ojú kan náà. Ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ló ń yí ìyẹn padà. Ohun tí gígé ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni píkísẹ́lì, láàbù sì ti kọ́ mi ní ti ìyẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi.

Àwa méjèèjì jọ jókòó gé e lẹ́ẹ̀kejì. A fi àyè sílẹ̀ sí i: 2,500 ní ìbú, 3,000 ní gíga, tó fún wa ní 125 fún ínǹṣì kan. Kò tíì dé 150, ṣùgbọ́n láàbù ní àwọn lè bá a ṣe. Ní báyìí ìyá wà níbẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe ń fẹ́, ọmọ náà wà níbẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Nǹkan kan sì bá wọn wọlé. Ọwọ́ kan ni, láti ìgbọ̀nwọ́ síwájú, tó ti apá ọ̀tún yọ sínú àwòrán. Ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ ni: èékánná rẹ̀ kúrú, òrùka fàdákà kan wà níbẹ̀, nǹkan bí èlùbọ́ lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Kò sí ara, kò sí ojú, ọwọ́ lásán.

Kí n tó pe oníbàárà mi, òun ti pè mí. "Ọwọ́ ta ni èyí? Ẹ bá mi nù ún kúrò jàre."

Ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi ọnà ara léèsì ìyá bo ibi tí ọwọ́ wà, ó fi aṣọ àga bo èyí tó kù. Bí a bá fi í han ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sí ẹni tó máa fura. Mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ sí láàbù. Mo kàn ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i ni, mo fà á tóbi, mo ń bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, títí mo fi dé ibi ẹsẹ̀ ọmọ.

Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà wà nínú afẹ́fẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ọmọ ìka rẹ̀ nà jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi dá ọwọ́ yẹn padà. Ó dá a padà. Àtẹ́lẹwọ́ náà ló gbé ẹsẹ̀ ọmọ dúró. Bí ọmọ ṣe ń fa gèlè, tó ń yọ̀ lórí itan léèsì, ọwọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó ṣubú.

Mo wá wo ojú ìyá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo ti ń wo ojú yẹn, mo sì ti gbà pé ọmọ ló ń wò. Kì í ṣe ọmọ. Ojú rẹ̀ kọjá orí ọmọ, ó lọ sí apá ọ̀tún, sísàlẹ̀ díẹ̀, síbi tí ọwọ́ ti wá.

A ṣí fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Obìnrin aláàdìrẹ tí mo ti kà mọ́ kúlà àti sípíkà, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là gẹ́gẹ́ bíi ti ìyá. Bóyá ó sọ nǹkan fún ìyá ni, bóyá ọmọ ló ń bá wí tí ìyá sì gbọ́, mi ò lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a ti fẹ́ tà fún oníbàárà wa, ènìyàn méjì ló jọ ni ín.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun méjì tí mo ti ń pè lórúkọ kan náà yàtọ̀ síra. Ẹni tó gé àwòrán ń sọ pé ibi tí mo dúró nìyí, n kò sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀. Gbogbo àwòrán ló ní etí, kò sì sí ẹni tó rò pé ayé parí sí etí àwòrán. Ẹni tó nu ọwọ́ kúrò láàrin àwòrán ń sọ pé kò sí ọwọ́ níbẹ̀ rí, irọ́ sì ni. Ìdíje World Press Photo, ìdíje fọ́tò ìròyìn ti gbogbo ayé, pààlà yìí ní 2010. Ayàwòrán kan tó gba ipò kẹta ní ẹ̀ka tirẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àwọn tó ń ja ìjà ìgboro ní Kiev ti gé àwòrán rẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di dúdú àti funfun, wọn kò bá a wí nítorí ìyẹn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni bíńtín ẹsẹ̀ ẹnì kan tó yọ lẹ́yìn ọwọ́ ẹni tó yà, tí ó pa rẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ọgbọ́n to ohun tí kámẹ́rà kò rí. Òótọ́ ni. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí bébà kan bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jókòó. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Ìyá ọmọ mọ̀, bàbá mọ̀, gbogbo ilé mọ̀. Kí ẹni tó lọ má bàa di ìgbàgbé ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tiwa, ẹni tó wà láàyè, tó wà níbẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ ọmọ dání, la fẹ́ pa rẹ́.

Síbẹ̀ n kò lè sọ pé gígé mọ́ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti nu nǹkan. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ọ̀dọ́bìnrin márùn-ún tó ń jà nítorí ojú ọjọ́ dúró pọ̀ ní Davos ní Switzerland kí wọ́n yà wọ́n. Vanessa Nakate, ọmọ Uganda, wà ní ìpẹ̀kun apá òsì, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Nígbà tí àwòrán náà jáde láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press, mẹ́rin ló kù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé títo àwòrán lásán ni ayàwòrán náà rò, pé ilé tó wà lẹ́yìn Nakate ń gba ojú ẹni. Wọ́n tọrọ àforíjì nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gba àlàyé yẹn gbọ́. Èmi lè gbà á gbọ́, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí èmi náà ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Àdìrẹ tó ṣá ni mo rí láàrin aṣọ ẹbí, ojú mi sì kà á mọ́ wúruwùru kí ọkàn mi tó bèèrè ẹni tó wọ̀ ọ́.

Mo pe oníbàárà mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹni tó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọmọ orogún Màmá ni. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá tó ti ń bá Màmá gbé; òun ló ń dáná fún un, òun ló ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Mo ní, "Òun ni Màmá ń wò, Mọ́mì." Mo fi odidi àwòrán náà ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n fà á tóbi, kí wọ́n wo ojú Màmá. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mi ò mọ ohun tó wà nínú ilé wọn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ onífọ́tò láti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì kọjá, kò sí èsì. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa dá owó padà. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́, kò gùn: "Ẹ fi í síbẹ̀."

A gé e lẹ́ẹ̀kẹta. A dá a dùbúlẹ̀ báyìí, 24 ní ìbú, 20 ní gíga. A gé 1,800 píkísẹ́lì kúrò lápá òsì, sípíkà bá a lọ, ọkùnrin onífóònù bá a lọ, kúlà kan àti àwo jọ̀lọ́ọ̀fù bá a lọ. A gé 500 kúrò lókè, irin kánópì lọ. Ó ku 4,200 sí 3,500, ìyẹn 175 fún ínǹṣì kan. Nígbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kúrò ni mo tó rí àwòrán tí ọmọ iṣẹ́ mi yà. Láti ojú ìyá, ẹni tó ń wò á sọ̀ kalẹ̀ sí ojú obìnrin yẹn. Láti ojú obìnrin yẹn, á gba apá rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ. Láti ẹsẹ̀ ọmọ, á gba ọwọ́ kékeré gòkè lọ sí gèlè, gèlè á sì dá a padà sí ojú ìyá. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú fáìlì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gígé ló jẹ́ kó ṣeé rí, bí gígé kan náà ṣe bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú.

Kò mọ́ tónítóní. Lẹ́ǹsì 24 ti fa èjìká obìnrin náà fẹ̀ díẹ̀ nítorí pé etí àwòrán ló wà. Kúlà kejì ṣì yọ ní igun ìsàlẹ̀ apá òsì, búlúù rẹ̀ sì ń tàn. Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí, ó na ọwọ́ sí máòsì, mo ní kó fi sílẹ̀.

Oníbàárà mi gba férémù ńlá náà. Ó tún bèèrè èyí tí mo kọ́kọ́ gé, ti Màmá àti ọmọ nìkan láti ìbàdí sókè, ní 8 by 10 fún tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Ní ìwọ̀n yẹn, 180 ló ń kan ínǹṣì kan, ó sì mọ́ kedere. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un láìjiyàn. Àwòrán tó dára ni, kò sí ohun tí a nù nínú rẹ̀. Ìyá ń wo ẹnì kan tí kò sí nínú férémù, ẹni tó bá fẹ́ lè bèèrè ẹni tó jẹ́.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ti yí padà. Kí n tó gé ohunkóhun, mo máa ń bi oníbàárà ní ìwọ̀n férémù tó fẹ́, mo sì máa ń ní kó dárúkọ àwọn tó fẹ́ kó wà níbẹ̀. Mi ò tún gba "wúruwùru" gẹ́gẹ́ bí èsì mọ́. Bí a bá gé e tán, a máa ń tọ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, a máa ń wo ohun tó bá kọjá létí: apá, ìka, aṣọ, ìdí igi. Ohun tó bá wọlé láti ìta ní ibi tó ti wá, a sì gbọ́dọ̀ mọ ibẹ̀ kí a tó pinnu. Lẹ́yìn náà la máa wo ojú àwọn tó wà nínú àwòrán, ibi tí wọ́n kọjú sí. A kì í fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́ láé, ẹ̀dà rẹ̀ la ń gé. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń ya èyí tó fẹ̀ kí nǹkan má bàa bọ́ lọ, n kò sì bá a wí mọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á rìn sún mọ́ wọn, á tún un yà. Ó ti fi páálí bébà fọ́tò gé igun méjì fún ara rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a nídìí tábìlì, tó gbé wọn lé àwòrán kékeré kan, tó ń tì wọ́n síwájú sẹ́yìn, tí kò tiẹ̀ tíì tan kọ̀ǹpútà.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin aláàdìrẹ náà fúnra rẹ̀ pè wá. Àkọ́bí ìyá ló fún un ní nọ́ńbà wa. Ó fẹ́ 5 by 7, kí òun lè fi sínú àpò. Mo sọ fún un pé etí kúlà kan ṣì wà níbẹ̀, pé bí a bá gé e nísàlẹ̀ kó lè lọ, ẹsẹ̀ Màmá náà á bá a lọ, mo sì bi í pé èwo ni ká ṣe.

Ó ní, "Ẹ fi kúlà yẹn síbẹ̀. Èmi ni mo gbé e jáde."